Iṣẹ́ Tí Fálúyì Rán Ọmọ Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì ọdún 2024, Fálúyì àbúrò mi kú ní Sakété. Ọdẹ ni. A kò rí ìbọn rẹ̀ gbé sí ẹ̀gbẹ́ pósí rẹ̀.

Ní Ahoyéyé tí a ti wá, nítòsí Pobè, bí ọdẹ bá kú, a máa ń tẹ́ ìbọn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yìnbọn ìdágbére. Ìdí tí ti Fálúyì kò fi sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yé mi tán.

Ọdún tó ṣáájú ni ó kó lọ sí Sakété nítorí ilé ẹ̀kọ́ Aurélie, ọmọ rẹ̀, tó ń múra ìdánwò BEPC sílẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìbọn gbọ́dọ̀ fi ibùgbé rẹ̀ tuntun tó àwọn ọlọ́pàá létí, kí wọ́n lè tún ìwé náà ṣe. Ara rẹ̀ kò yá, kò sì gbọ́ Faransé. Ó ní kí Aurélie bá òun kọ lẹ́tà, kó gbé e lọ sí kọmisáríà, ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá, pẹ̀lú ìwé àṣẹ náà.

Èjìdé, ìyá tó bí èmi àti Fálúyì, gbọ́. Ó pe ọmọ náà sẹ́yìn ilé.

“Aurélie, bí ìjọba bá kọ bàbá rẹ sílẹ̀ pé ará Sakété ni, ta ni yóò fún un nílẹ̀ tí a ó sin ín sí ní Ahoyéyé? O rí i pé ara rẹ̀ kò le. Ṣé ìwọ ni wàá fọwọ́ ara rẹ lé e kúrò nílé bàbá rẹ̀?”

Ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà kọmisáríà, kò wọlé. Ó dá ìwé padà fún bàbá rẹ̀, ó ní ó ti parí.

Nínú oṣù Kọkànlá, ara Fálúyì fúyẹ́. Ọdẹ kan kú ní Ahoyéyé, a sì jọ gun alùpùpù lọ síbi ìsìnkú náà, òun pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n bi í níbi tó ń gbé, ó ní Sakété. Ahoyéyé ni ìwé sọ. Ó ní ọmọ òun ti mú un lọ fún àtúnṣe. Mo gba ìwé náà, mo kà á, mo rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ló gbàgbé. Wọ́n pe kọmisáríà Sakété lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ìwé náà níbẹ̀.

“Bàbá,” ni ọ̀gá wọn wí, “ẹ sọ òtítọ́.”

“Ọmọ mi kì í purọ́,” ni Fálúyì dáhùn.

Wọ́n gba ìbọn náà, wọ́n ní kó wá gbà á tó bá ti tún ìwé ṣe. Nígbà tí a dé Ahoyéyé, Valentin, olórí àwọn ọdẹ, rí i lọ́wọ́ òfo.

“Fálúyì, ẹtu ló gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ ni, àbí ìyàwó rẹ?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fálúyì kò rẹ́rìn-ín.

Nílé, ó bi Aurélie lójú mi. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

“Mo fún wọn, Bàbá.”

Láti ìgbà náà, Fálúyì kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá mọ́. Ó ní òun kò ní lọ bẹ àwọn tó pe ọmọ òun ní òpùrọ́. Mo rọ̀ ọ́ títí, kò gbọ́. Lẹ́yìn ọdún tuntun àìsàn náà padà, ó sì mú un lọ.

Ahoyéyé ni a sin ín sí. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé kankan kí a tó gbẹ́ ilẹ̀. Valentin wo ẹ̀gbẹ́ pósí, ó wò mí. Àwọn ọdẹ yìnbọn tiwọn. Ìgbà náà ni Aurélie di aṣọ mi mú.

“Bàbá Pacôme, n kò wọlé. N kò fún wọn ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí pé a kò ní rí Bàbá sin síbí.”

Ó sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá a sọ lẹ́yìn ilé fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n gbogbo àlejò tó bá wọlé ni bàbá òun ń sọ fún pé ọmọ òun kì í purọ́, òun kò sì mọ ibi tí òun ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

N kò lù ú. N kò mọ̀ bóyá òun ni kí n bínú sí, tàbí ìyá mi tí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ń kó láyà sókè, tàbí Fálúyì tó gba ọmọ rẹ̀ gbọ́. Ta ni yóò bá bàbá wí nítorí pé ó gba ọmọ gbọ́? Ohun kan ló dá mi lójú, òun ni mo sì ń sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: iṣẹ́ tí a bá rán yín tí ẹ kò lè jẹ́, ẹ padà wá sọ pé ẹ kò jẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni yóò bá a.

Ohun tí Fálúyì fi sílẹ̀ nìyí: àpò ọdẹ kan, iná orí kan tó fi ń ṣọdẹ lóru, bàtà rọ́bà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti lu, oko ọ̀pẹ tí a kò tíì ro, Béatrice ìyàwó rẹ̀, àti Aurélie, tó yege nínú BEPC, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yin òun.