Àwòdì Kò Gbe Orin Mọ́

Ìyá Àwòdì fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ. Bó bá ń fọ abọ́, á dá a pé:

"Ta ní fò lókè, tó ń bọ̀ wálé?"

Ọmọ rẹ̀, awakọ̀ bàálù kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àwòdì, á sì gbè é láti yàrá:

"Èmi ni, Màámi, èmi ni."

Ohùn náà kò dùn rárá, àfi bí ẹni ń wọ́ àga nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ Àwòdì tí òun náà ń wa bàálù, tó sì ń gbé yàrá ẹ̀yìn wọn, ti kú nígbà tí bàálù rẹ̀ já sínú oko, ìyá á dá orin, kò sẹ́ni tí yóò gbè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin tó ń wádìí ìjàm̀bá náà dé. Eruku oko ṣì wà lára bàtà rẹ̀.

"Màmá, a ti tú ẹ́ńjìnnì wò. Ó kù ká mọ bí awakọ̀ ṣe wà. A ò wá dá a lẹ́bi o, kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́ ni. Ṣé ó máa ń rí oorun sùn?"

"Sùn kẹ̀? Á máa rìn ká pálọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Á kàn máa fi ṣíbí rò ó ni. Kò tiẹ̀ gbe orin mi mọ́."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gbe orin yín ni?"

Ìyá fò dìde. Àṣé Tẹ́ẹ́rẹ́ ni obìnrin náà ń béèrè, ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ ni òun ti ń sọ látẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀la gan-an ni ọmọ náà yóò gbé èrò.

Ó pè é jáde. "Àwòdì, o ò gbọdọ̀ fò lọ́la."

"Ara mi le, Màámi."

"Àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Mo ń wò ẹ́."

Àwòdì gbójú sílẹ̀. "Bí mo bá ní ọkàn mi ò lélẹ̀, wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní orí mi ti yí."

"Bọ̀ọ̀dá," ni olùwádìí wí, "bí bàálù bá ń dún lódì, ṣé ẹ máa ń gbé e fò?"

"Rárá. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ń lọ."

"Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó sinmi, dókítà á tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá bò ó mọ́ra, èmi ni mo máa ń wá sílé rẹ̀."

Àwòdì jókòó, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn fún ti ọ̀la.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí dókítà tó ní kó padà sókè. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, ìyá ń fọ abọ́ lọ́jọ́ kan, ó dá orin, ohùn burúkú kan sì gbè é láti yàrá. Abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ bàálù, bí ọkàn ò bá lélẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ sọ fún ọ̀gá yín, ẹ má gbé bàálù gòkè. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi ẹni tó sọ òótọ́ ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹni tó ń gbe orin yín bá dákẹ́, ẹ má kọrin sókè sí i. Ẹ lọ kanlẹ̀kùn.