Ẹ̀rọ Ìsàba Bàbá Moyọ̀sọ́lá

Kò sí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ tó lè kú mọ́ Níyì Adéríbigbé lọ́wọ́. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi búrẹ́dì kún ẹnu sọ ọ́ lọ́sàn-án gangan, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Yaba. "Bí ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ bá tilẹ̀ wọ sàréè," ó ní, "màá pè é, á sì jẹ́ mi."

"Ẹ bá mi pe èyí," ni ẹnì kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Níyì gbójú sókè, búrẹ́dì há a lọ́fun. Adúmáadán ni ọmọbìnrin náà, èjí wà lẹ́nu rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù wé bọ́ọ̀dù kan bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Níyì yọ dìbọ́gà rẹ̀, ẹ̀rọ tí kò ju ìka méjì lọ, èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ṣíìpù láti wo inú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ iṣẹ́ tuntun sí i. Ó so wáyà, ó tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ṣíìpù kankan. Ó tún tẹ̀. Kò sí nǹkan. Òógùn bò ó.

"Sístà, ẹ má bínú. Ó ti lọ. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un."

Ọmọbìnrin náà mú wáyà kan tó sùn jẹ́ẹ́ sórí tábìlì, ó kì í bọ ibi tó yẹ ẹ́. Kọ̀ǹpútà rí ṣíìpù lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ ò so wáyà ilẹ̀," ó ní. "Moyọ̀sọ́lá lorúkọ mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí ní Sùúrùlérè. Ẹ jẹ búrẹ́dì yín tán."

Bí Níyì ṣe ṣubú sínú ìfẹ́ nìyẹn, kò sì dìde mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, Moyọ̀sọ́lá tún gbé bọ́ọ̀dù mìíràn dé.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ rí ẹ."

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń fẹ́ra báyìí kí Moyọ̀sọ́lá tó mú un lọ sílé wọn ní Ìpọ̀nrí. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, kò wo ojú Níyì. Ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin bí adìyẹ ló ń wò, nínú pálọ̀ níbẹ̀. Ọmọkùnrin àdúgbò kan tó ń jẹ́ Jídé ló ṣe ẹ̀rọ náà fún un, Jídé náà ló sì wù ú láti fi ọmọ rẹ̀ fún.

"Láti àárọ̀ ló ti ń gbóná jù," ni Bàbá wí. "Jídé kò gbé fóònù. Igba ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá pa á, òtútù á pa wọ́n. Bí mo bá fi í sílẹ̀, wọ́n á jinná. Tún un ṣe, a ó sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bí ẹyin mi bá bàjẹ́, má kan ilẹ̀kùn yìí mọ́."

Níyì yọ kọ̀ǹpútà àti dìbọ́gà nínú báàgì rẹ̀; lọ́tẹ̀ yìí, ó ka wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà ní Jídé ti ti ṣíìpù náà pa. Ṣé kí òun ṣí i? Níyì ní kó ṣí i, ó tẹ̀ ẹ́ gbà.

Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí kò kà: ẹni tó bá ṣí i yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

Gílóòbù tó ń mú ẹyin gbóná kú pii. Moyọ̀sọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n mú iná lọ ni?"

Àwáwí ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ọkàn Níyì ti ń sọ fún un pé kó gbà á. Ṣùgbọ́n fáànù ń yí lókè, Moyọ̀sọ́lá sì ń wò ó.

"Rárá, sà. Èmi ni. Mo ti pa gbogbo ohun tí Jídé kọ sí i rẹ́. Mi ò ka ìkìlọ̀ tán."

Bàbá dìde. Ó fa búláńkẹ́ẹ̀tì àlejò yọ, ó fi bo ẹ̀rọ náà, ó sì jókòó tì í bí ìyá adìyẹ.

Moyọ̀sọ́lá fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Níyì, di àwọn wáyà yẹn mú. Màá kọ òmíràn sí i."

Ó ń kọ, Níyì ń di wáyà mú, orúnkún wọn kan ara wọn.

"Má fún wáyà yẹn pa," ni Moyọ̀sọ́lá wí.

"Bàbá ẹ ló ń wò mí."

"Ẹyin ni Bàbá mi ń wò, olólùfẹ́."

Nígbà kẹta tí wọ́n dán an wò, gílóòbù tàn. Ooru gun òkè, ó dé mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀ tí ẹyin ń fẹ́, ó dúró síbẹ̀.

Bàbá ká búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò. "Ọdún mẹ́ta ni Jídé ti ń bá mi tún nǹkan yìí ṣe," ó ní. "Lónìí, ẹjọ́ iná ni, lọ́la, ẹjọ́ ojú ọjọ́. Mi ò gbọ́ 'èmi ni' lẹ́nu rẹ̀ rí. Lọ mú àwọn ènìyàn rẹ wá."

Níyì dọ̀bálẹ̀ tagbáratagbára tó fi forí sọ ẹsẹ̀ tábìlì. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti bi Moyọ̀sọ́lá pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bí mi ò bá fẹ́ ẹ, ta ni yóò máa di wáyà mú fún mi?"

Omi lé sí Bàbá lójú. Ó ní òròmọdìyẹ igba ni òun yóò fi ta tọkọtaya lọ́rẹ. Ìgbà náà ni Màámi Gertrude, ìyá Moyọ̀sọ́lá, ti ìlú dé, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó wo inú ẹ̀rọ.

"Ẹyin jíjẹ tí mo rà ní ọjà Oto nìyí," ó ní. "Adìyẹ tó yé wọn kò rí àkùkọ rí."