Ẹni Tó Kọ́ Ùsáínì ní Bọ́ọ̀lù

Iwájú tẹlifíṣọ̀n ni Hajarat dúró sí nílé ìfọṣọ kan ní Fondren Southwest nílùú Houston, tó ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò lè gbóhùn rẹ̀ jà, nígbà tí Ùsáínì gbé àpò aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀ wọlé. Ọdún 1985 ni.

"Sister, kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

"Quarterback yẹn ni! Kàkà kó ju bọ́ọ̀lù, ó ń sá kiri!"

Ùsáínì rẹ́rìn-ín. Kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù àwọn ará America. Hajarat ní kó jókòó. Ó ní quarterback ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń dé ọwọ́ rẹ̀, irú wọn sì pé méjì. Ọ̀kan á dúró digbí, á fojú wá ẹni tó máa jù ú sí. Èkejì, ẹsẹ̀ ni tirẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti là báyìí, ó ti lọ nìyẹn.

"Èwo ló wá dáa jù?"

"Ẹni tó dúró. Eléré sísá dùn ún wò lóòótọ́, but ọjọ́ tí wọ́n bá dínà mọ́ ọn, ó parí."

Kí aṣọ tó gbẹ, ìfẹ́ ti wọlé. Láti ọjọ́ náà, "coach mi" ni Ùsáínì ń pè é, inú Hajarat a sì máa dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Alhaji Láwàl, bàbá Hajarat, ń gbé ní Mission Bend. Eléré sísá ni ààyò tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Houston ni Hajarat ti ń jókòó tì í ní gbogbo Sunday, tí bàbá ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù, tí ọmọ ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy." Ó ti pẹ́ tí Hajarat ti mọ̀ ọ́n ju bàbá lọ. Kò jẹ́ kó hàn.

Ọjọ́ tí Ùsáínì wá kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n sì fún un ní àga. Àwọn ọ̀rẹ́ Alhaji láti mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́.

"Quarterback tí kò lè sáré," Alhaji wí, "kí la fẹ́ fi ṣe?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Rárá o, sà. Ẹ ò wò ó dáadáa ni," ni Ùsáínì wí, ó sì tú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbé eléré sísá ṣánlẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alhaji, ọmọ yìí mú yín o!" Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín.

Hajarat dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ó ti kọ́ Ùsáínì ní gbogbo bọ́ọ̀lù, kò rántí kọ́ ọ ní "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Nígbà tí àlejò lọ tán, Alhaji sọ̀rọ̀. "Ẹni tí kò tíì gbéyàwó, tó ti ń já àna rẹ̀ nírọ́ lójú èèyàn? Kó má wọlé mi mọ́."

Àwọn àgbà bẹ̀bẹ̀ títí, Alhaji ò gbà. Ìgbà tó yá, Hajarat lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Daddy, Ùsáínì ò mọ bọ́ọ̀lù rí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ mi ni."

Alhaji wò ó. "Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n?"

"Ó ti pẹ́, sà."

"O sì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ì bá sàn fún Hajarat ká ní ó le.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji ní kí Ùsáínì kó ẹbí rẹ̀ wá. Kí ọdún tó parí, wọ́n so yìgì. Bàbá ṣàdúà fún wọn dáadáa, Hajarat sì fẹ́ ọkọ tó wù ú.

Sunday tó tẹ̀lé e, ó gbé ọbẹ̀ lọ fún bàbá rẹ̀, ó sì jókòó tì í níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ń retí àlàyé. Alhaji ò sọ nǹkan kan.

"Daddy, ṣé a máa borí lónìí?"

"Ìwọ lo mọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, kò sì gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.