Káàdì Tí Kì Í Pariwo

Mi ò ní ìdí kankan láti parọ́ mọ́ ilé tí mo ṣì ń gbé. Ní Kúbwà, ní Àbújá, ló ti ṣẹlẹ̀, nínú pálọ̀ wa, nígbà ọyẹ́ ọdún 2014. Ojú èmi àti ọmọ mi ló ṣe.

Kúnbi ìyàwó mi kú nínú oṣù keje ọdún yẹn. Fídíò kan ṣoṣo ni ohùn rẹ̀ ṣẹ́kù sí, nínú fóònù rẹ̀. Oyíndà, ọmọ wa kan ṣoṣo, ló wà nínú fídíò náà. Ó ń ka Sáàmù kẹtàlélógún láìwòwé, nítorí ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kúnbi fúnra rẹ̀ kò hàn. Òun ló di fóònù mú, ní igun pálọ̀, lẹ́bàá kọ́tìnnì. Ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́, ohùn náà sì máa ń rẹlẹ̀.

Mo fẹ́ kí á máa wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Mo so kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n àwòrán ń tiro. Wọ́n ní káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú rẹ̀ ni kí n lọ pààrọ̀. Mo lọ sí ọjà Wùsé, sọ́dọ̀ Yàhàyá, ọmọ Ìlọrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ṣe.

"Sànnu, Dádì. Ẹ kú ọyẹ́."

Ó gbé káàdì méjì lé orí gíláàsì. Ọ̀kan ní fáànù méjì. Èkejì kò ní fáànù rárá, àfi irin pẹlẹbẹ tó tò bí eyín òòyà.

"Èyí tó ní fáànù lágbára," ó ní. "Kò sí ohun tí kò lè gbé. Àmọ́ ó ń pariwo bí ẹni tó ń hanrun."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ìyẹn dákẹ́ ju ìyàwó tuntun lọ. Irin ara rẹ̀ ló fi ń mú ara rẹ̀ tutù. Fíìmù nìkan lẹ fẹ́ máa wò?"

"Ohùn kan ni mo fẹ́ gbọ́."

Ó wò mí. Ó wà lára àwọn tó wá kí mi nígbà ọ̀fọ̀. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó fi ìwé ìròyìn wé èkejì fún mi.

Ọjọ́ ìsinmi ni a kọ́kọ́ lò ó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Eruku ti sọ oòrùn di funfun. Mo ti gbogbo fèrèsé. Kọ̀ǹpútà náà dákẹ́ débi pé mo fọwọ́ kàn án kí n tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ohùn Kúnbi jáde ketekete.

"Sún sẹ́yìn díẹ̀, Àwẹ̀ró, kí ẹsẹ̀ rẹ lè hàn."

Àwẹ̀ró ni oríkì Oyíndà. Ní gbogbo Àbújá, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Oyíndà rẹ́rìn-ín. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ó tù mí lára. Sáàmù parí. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú.

"Àwẹ̀ró."

Mo rò pé ìyókù fídíò ni. Ṣùgbọ́n iwájú wa kọ́ ló ti wá. Ẹ̀yìn wa ni, lẹ́bàá kọ́tìnnì.

"Mà," Oyíndà dáhùn.

Ọmọ tí a kọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé a kì í pe ọmọ gidi lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ìjerò tí wọ́n ti bí mi, ìyá tèmi fi nǹkan mìíràn kún un: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Mi ò rò pé ọmọ tí a bí sí Àbújá máa nílò ìyẹn. Ìdajì ẹ̀kọ́ la fún un.

Ó dìde. Ó lọ sí igun náà, ó kúnlẹ̀, ó tẹ́tí. Kọ́tìnnì kò mì.

"Ó dáa, mà," ó ní.

"Kí ló sọ?"

"Ó ní òun ò rí mi dáadáa. Ó ní kí n máa sún mọ́ òun."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí ọwọ́ ẹni tó fọ aṣọ láàárọ̀ ọyẹ́.

Èmi nìkan tún fídíò náà wò. "Sún sẹ́yìn" ni Kúnbi sọ níbẹ̀. Kò sọ "sún mọ́ mi" níbì kankan.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, àga Oyíndà á ti sún mọ́ igun náà sí i.

"Ta ló gbé àga yìí?"

"Èmi ni, Dádì. Ó ṣì ku díẹ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kò bẹ̀rù. Ó ń jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kì í móoru. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn àga fara kan kọ́tìnnì, mo tú káàdì náà, mo gbé e padà sí Wùsé.

"Ó bàjẹ́ ni?" Yàhàyá béèrè.

"Kò bàjẹ́. Fún mi ní èyí tó ń pariwo."

"Kai. Àwọn èèyàn ń sá fún ariwo, ẹ̀yin ń wá a." Ó wo ojú mi. "Dádì, kí lẹ gbọ́?"

Mo sanwó, mo gba káàdì onífáànù náà.

A kì í pa kọ̀ǹpútà mọ́. Fáànù ń hanrun tọ̀sán tòru. Mo sì kọ́ Oyíndà ní ìdajì tó kù.

"Bó bá jẹ́ Mọ́mì ńkọ́?"

"Bó bá tilẹ̀ jẹ́ Mọ́mì."

Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Àga padà sí àyè rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ móoru.

Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, wọ́n mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Fáànù dúró. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́.

"Àwẹ̀ró."

Oyíndà wò mí. Mo mi orí pé rárá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀, omijé ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. A dúró. Mo rò pé ohùn náà ti lọ. Lẹ́yìn náà ló tún pè, jẹ́jẹ́, bí Kúnbi ṣe máa ń pè mí láti yàrá nígbà tí ọmọ bá ti sùn.

"Bàbá Oyíndà."

Oyíndà mú ọwọ́ kan kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó fi bo ẹnu tèmi.

Ọdún 2019 la wà báyìí. Oyíndà ti wọ yunifásítì n'Ílé-Ifẹ̀. Ó máa ń pè mí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́.

"Dádì, ṣé fáànù ń pariwo?"

"Ó ń pariwo."

Mi ò tíì sọ fún un pé ọ̀kan nínú fáànù méjèèjì ti dákẹ́, pé èkejì ń fa ẹsẹ̀. Yàhàyá ní irú káàdì yẹn ò sí lọ́jà mọ́. Ó ní kí n wá yan òmíràn. Mò ń sọ pé mò ń bọ̀.

Bí iná bá lọ, mo máa ń gbọ́ ìpè Kúnbi. Mi ò tíì dáhùn.