Àgbo Ewé Gúáfà

Ìgbẹ́ gbuuru ló pa Iyìolúwa, ọmọ ọdún méjì, ní Baruwa. Àgbo tó ń mu ti ń bá a dá ìgbẹ́ náà dúró, ó tilẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, ló bá tún bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú tọ́mọ fi dákẹ́. Kí wọ́n tó sin ín tán, àwọn ará àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á. Ẹnu kì í rẹ àwọn kan.

Mọ̀dínátù, ìyá bàbá ọmọ náà, ni wọ́n ń wí. Òun ló se àgbo ewé gúáfà ọ̀hún. Igi gúáfà náà wà lẹ́yìnkùlé, àdán a sì máa bò ó bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀. Ìyá àgbà á dúró lábẹ́ rẹ̀, á máa já ewé, á máa dá sọ̀rọ̀. Bísímílà ló ń ṣe sí i, ṣùgbọ́n ta ló sún mọ́ ọn débi tí yóò fi gbọ́?

Mary tó ń gbé yàrá kejì sọ fún Ṣeun, ìyá ọmọ tó kú, pé, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Àbí kí lo tún ń wá?"

Ṣeun gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Kọ́lápọ̀ ọkọ rẹ̀ lọ. "Bàbá Zacchaeus, mi ò lè bá màmá yín gbé mọ́ jàre. Wòlíì wa ní ọwọ́ àgbà wà níbẹ̀."

"Ìyá tó bí mi nìyẹn, Ṣeun."

"Èmi náà bímọ. Ọmọ mi dà?"

Mọ̀dínátù gbọ́ láti inú yàrá. Nígbà tí Kọ́lápọ̀ wọlé, ó ti ń di ẹrù. "Ṣé ìwọ náà gbà pé èmi ni?" Kọ́lápọ̀ ń wolẹ̀. Ìyẹn dun ìyá náà ju ẹ̀sùn lọ. Ó kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Dopemu.

Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru mú Zacchaeus, ọmọ kan ṣoṣo tó kù. Ṣeun gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó wá bi ìyá rẹ̀ pé kí ni àbúrò rẹ̀ mu kó tó kú.

"Àgbo ni, mà. Ó ti ń tán nínú ìkòkò, mo bá bu omi kànga lé e."

"Ṣé ẹ tún un sè?"

"Màmá ọkọ mi ní tí n bá ti bomi lé e, kí n jẹ́ kó hó. Gáàsì ló tán."

Bó ti sọ ọ́ tán, ó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ wí. Kànga ilé wọn ò jìnnà sí ṣaláńgá, omi ibẹ̀ náà sì ni Zacchaeus ń mu. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Kọ́lápọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ ní Dopemu. Ìyá rẹ̀ ò bá a jà, ó kàn ní, "Báwo lọmọ ṣe ń ṣe?", ó sì tẹ̀ lé e. Ó se ewé gúáfà tuntun, ó jẹ́ kó hó dáadáa. Nígbà tó tutù, ó pe Mary àti gbogbo ará ilé, ó bu ìdajì ife, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́kọ́ mu ún lójú wọn.

Ṣeun kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. A ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni."

Gbogbo ìgbà tó ń fún ọmọ ní àgbo ló kọ́kọ́ ń mu níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ara Zacchaeus yá. Lọ́jọ́ tó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá àgbà pé kó gbé òun, ojú Ṣeun ni ìyá àgbà kọ́kọ́ wò kó tó fọwọ́ kàn án.