Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Mú

Ẹni tó bá fẹ́ kó jiyàn, ṣùgbọ́n níṣojú Títíladé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe, ní àdúgbò Adégbàyí, ó sì ṣì wà láàyè.

Akọ̀wé ni ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Sanmí ọkọ rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìbuwọ́lùwé sórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe ayédèrú ìwé ẹ̀rí. Olúkúlùkù àwọn méjèèjì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, èyí tó fi ń buwọ́ lùwé ní orúkọ rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun nìkan mọ̀. Bí ènìyàn kò bá yan kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá ni ẹ̀rọ yóò mú. Akọ̀wé gidi ì bá fi tara rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa, ṣé ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ ṣáájú ti ọkọ? Ó fi ti Sanmí sókè.

Sanmí kú lóṣù Òkúdù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: Títíladé fọwọ́ ara rẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ rẹ́. Ó ku tirẹ̀ nìkan.

Kò pẹ́ sí i, Àrẹ̀mú, ẹ̀gbọ́n Sanmí, ní òun yóò mú Sharon, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, lọ sọ́dọ̀ òun l'Ékòó. Ó ní kí Títíladé kọ lẹ́tà pé òun gbà, kó buwọ́ lù ú. Títíladé bẹ̀bẹ̀ títí, ẹbí kò gbọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ kan, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti lọ tán. Títíladé fẹ́ buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí kan. Orúkọ tí ẹ̀rọ mú wá ni Sanmí.

Ó yẹ inú ẹ̀rọ wò. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ó tún un ṣe. Sanmí. Ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn àmì roboto bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí Sanmí bá ń fi ìka kan tẹ̀wé. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa lọ́lọ́.

Irun orí rẹ̀ dìde. Síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

“Bàbá Sharon, ṣé ẹ̀yin ni?”



Ó ṣí lẹ́tà tí Àrẹ̀mú ní kó kọ lórí kọ̀ǹpútà. Òun kò lágbára láti kọ̀ fún ẹbí. Bàbá ọmọ lágbára. Bí bàbá ọmọ kò bá buwọ́ lù ú, ta ni yóò jà á níyàn?

“Ẹ má buwọ́ lù ú,” ó bẹ̀ ẹ́. “Ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi nìyí.”

Ó tẹ bọ́tìnnì ìbuwọ́lùwé, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

Ó pẹ́. Àmì kan yọ, ó dúró. Títíladé bú sẹ́kún. Èkejì yọ. Ẹ̀kẹta tẹ̀lé e, títí wọ́n fi pé. Ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sanmí ti buwọ́ lùwé, pé kò lábùkù.

Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Sanmí kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ nígbà ayé rẹ̀, kò kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

Ó pa lẹ́tà náà rẹ́. Kò fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Nírọ̀lẹ́, Àrẹ̀mú pè é lórí fóònù.

“Ìyàwó wa, mo ti rí lẹ́tà. Orúkọ Sanmí ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Báwo lo ṣe ṣe é?”

Títíladé ní òun kò fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́. Àrẹ̀mú ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó di ẹrù ọmọ sílẹ̀.

Ó di í. Sharon lọ. Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́ ni Títíladé ń tẹ bọ́tìnnì, tó ń kó ọwọ́ sẹ́yìn. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ń mú wá.