Nọ́ńbà Tó Kẹ́yìn Nínú Ẹ̀rọ

Ìdí àpò aṣọ ni mo ti rí i, lábẹ́ bẹ́díṣíìtì mẹ́fà tí dírẹ́bà kó wá láti ilé onígéètì dúdú. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n gbàgbé fóònù sáàárín aṣọ ni. Àmọ́ ó kéré ju fóònù lọ, bọ́tìnnì méjì péré ló sì wà lára ẹ̀. Mo ti fẹ́ tẹ ọ̀kan nígbà tí màmá mi sọ̀rọ̀ látìdí áyọ́ọ̀nù, kò tiẹ̀ wojú mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ ẹ ò ní í sinmi láyé ńbí. Gbé e sílẹ̀. Èmi ni wọ́n fún."

"Kí ni, Màámi?"

"Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Màdáàmù ló ní kí n máa lò ó."

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé. Alágbàfọ̀ ni màmá mi. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, aṣọ ló so rọ̀ káàkiri ibẹ̀, tó jẹ́ pé èèyàn á tẹrí ba fún ṣẹ́ẹ̀tì olówó kó tó lè wọlé. Màmá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í sì í bò ó fẹ́nikẹ́ni. Bí oníbàárà bá gbé mínírà fún un, á ní, "Ẹ ṣeun o, ìtọ̀ ṣúgà ń bẹ lára mi, omi ni kẹ́ ẹ fún mi." Ojú máa ń tì mí bí ẹni pé èmi ni mo jalè. Ìgbà kan wà tí ṣúgà ẹ̀ já wálẹ̀ jù. Ó ń lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó lọ ọ́ tán, ó tún un lọ, ó tún un lọ, òógùn bò ó. Mo ní, "Màámi, apá kejì ńkọ́?" Ó wò mí, ó ní, "Ta ni ọ́?" Láti ọjọ́ yẹn, hóró ṣúgà kì í wọ́n nínú àpò ẹ̀, méjì sì máa ń wà nínú àpò bírò tèmi náà.

Màdáàmù onígéètì dúdú yìí ni olórí ẹgbẹ́ kan tó ń ṣàánú àwọn aláìsàn. Ó ní aláàánú kan ló fún ẹgbẹ́ àwọn ní ẹ̀rọ yẹn, òun ò mọ ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí màmá mi lè fọwọ́ kàn án. Ó gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítáàṣì, ó ń wò ó lókèèrè bí ẹni ń wo ajá tí kò mọ̀ rí.

"Bí ẹni tó ni ín bá ti kú ńkọ́? Mi ò lè máa fi ẹ̀rọ òkú wọn ẹ̀jẹ̀ alààyè."

"Màámi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ̀ ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà tó."

Kò tó. Èmi àti òun la jọ mọ̀ pé kò tó.

Ní tèmi, "kí ló dé" ni wọ́n fi wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Ní Sátidé, nígbà tí Màámi jáde lọ ra ọṣẹ, mo gbé ẹ̀rọ náà, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́, ẹ̀rọ yẹn kì í gbàgbé nǹkan. Ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ìwé pélébé inú páálí ẹ̀ sọ pé kò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí tuntun bá wọlé, èyí tó pẹ́ jù á jáde.

Mo da gbogbo ẹ̀ kọ sẹ́yìn ìwé jọ́gíráfì mi. Nígbà tí mo máa fi parí, kì í ṣe nọ́ńbà lásán ni mò ń wò mọ́, èèyàn ni mò ń wò. Á wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó bá ti di aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, á tún wọ̀n ọ́n, kì í yẹ̀. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, kò sí ti mẹ́wàá kọjá ogójì. Ní Ọjọ́rú, nọ́ńbà máa ń já wálẹ̀ ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn pátápátá, Ọjọ́rú ni, mọ́kànlélógójì ni. Ó kéré débi pé àyà mi já. Lẹ́yìn ẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́. Mo wo déètì ẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gan-an ni.

Àbí èèyàn kú lọ́jọ́ ìbí mi ni?

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Mo mú fóònù Màámi, mo wọ gúrúùpù kíláàsì wa, mo ya fọ́tò ìwé yẹn sí i, mo sì fi ohùn mi tẹ̀ lé e: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi ronú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìtọ̀ ṣúgà dé ọwọ́ wa láti ilé onígéètì dúdú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ṣì wà láyé. Ẹ wo mẹ́wàá kọjá ogójì yẹn, ṣebí bíréèkì nìyẹn? Akẹ́kọ̀ọ́ ni, mo fi dá yín lójú." Mo tiẹ̀ ń wú fùkẹ̀ bí ọlọ́pàá tó mú olè.

Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí Rédíò, ọ̀rẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ kì í sùn lẹ́nu ẹ̀, fi fèsì: "Ìwọ ò mọ̀ ni? Ilé Ahun mà nilé onígéètì dúdú."

Ahun, kíláàsì kan náà la jọ wà. Mọ́tò ló ń gbé e wá. Tó bá ti di bíréèkì, á gbé báàgì ẹ̀ lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì, kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun. Súwíìtì kì í wọ́n lápò ẹ̀, àmọ́ kò ní fúnni láéláé. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Mo ní kó fún mi ní súwíìtì kan péré, ó di àpò ẹ̀ mú, ó sáré jáde, ó tilẹ̀ ta bẹ́ńṣì ṣubú. Mo ní, "Ẹ wo ahun ọmọ olówó." Ni gbogbo kíláàsì bá gbà á lẹ́nu mi.

Ọjọ́ wo ni? Ọjọ́ ìbí mi ni. Ìdí tí mo fi ń tọrọ súwíìtì nìyẹn.

Mo pa ohun tí mo fi ránṣẹ́ rẹ́, àmọ́ ó ti bọ́, àwọn ọmọ kíláàsì ti ń fèsì: "Abájọ tó ń jẹ súwíìtì ní tọ́lẹ́ẹ̀tì." "Olówó ń ṣàánú aláìsàn, aláìsàn wà nílé." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ti gúrúùpù tún burú jùyẹn lọ, torí àwọn kan á ṣa èèpo ẹ̀ pamọ́.

Nígbà tí Màámi dé, mo ní kó máa lo ẹ̀rọ, pé ẹni tó ni ín wà láàyè. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo sọ ọ́ délẹ̀. Ó gbé ọṣẹ sílẹ̀, ó jókòó.

"Àìsàn tèmi, tèmi ni. Ó wù mí ni mo ṣe ń sọ ọ́ fáráyé. Àìsàn ọmọ ọlọ́mọ, ta ló fún ẹ ní tiẹ̀ pín?"

Mo gbé ọṣẹ náà wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan ti gbé páálí ṣúgà sórí tábìlì Ahun. Ahun gbé e kúrò. Bíréèkì tó, kò dìde. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ara ògiri. Ó di ọjọ́ kejì, bákan náà ni. Báàgì ẹ̀ pàápàá fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni pé kò kó ẹ̀rọ àti súwíìtì ẹ̀ wá mọ́. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí nínú kíláàsì yẹn, èmi nìkan ló mọ ohun tí aago mẹ́wàá kọjá ogójì jẹ́. Nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà, kò pa á jẹ rí. Èmi ni mo wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́rú wá dé. Láàárọ̀, a sáré lórí pápá, torí Ọjọ́rú ni ọjọ́ eré ìdárayá. Lẹ́yìn bíréèkì, ìdánwò ìṣirò. Òfin tíṣà ìṣirò wa ò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá dìde lórí ìjókòó kó tó parí, òdo ni, a ò ní jọ ṣàlàyé. Mo wà ní ìjókòó kejì lẹ́yìn Ahun. Mo rí òógùn lọ́rùn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru ò mú. Mo rí i tó ń fa ìlà kan, tó tún ìlà náà fà, tó tún un fà. Nígbà tó yá, bírò ẹ̀ kúrò lórí pépà, ó ń kọ̀wé lórí tábìlì.

Apá ṣẹ́ẹ̀tì tí Màámi ń lọ lọ́jọ́ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Mo dìde. Mo kó hóró ṣúgà méjèèjì, mo fi ọ̀kan sí i lẹ́nu, mo ki èkejì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Rún un," mo sọ fún un lábẹ́lẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, àmọ́ ó rún un.

"Kí lo fún un?" Tíṣà ti dé ẹ̀gbẹ́ mi.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Kí n ní, "Ṣúgà ni, sà, ó ń ṣàìsàn," òdo máa yẹ̀ lórí mi. Ogójì etí ló ń dúró. Àmọ́ mo ti fi ẹnu mi tà á lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ bi í ní nǹkan ni."

Rédíò ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Tíṣà fa pépà mi ya sí méjì, wọ́n ní kí n jáde. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń kà lọ́kàn mi. Mo ní bí mo bá ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tí Ahun ò tíì gbórí sókè, màá pariwo dókítà, àṣírí á tú tó bá fẹ́ tú. Ẹ̀mí ló ṣáájú. Mo ti kọjá ọ̀ọ́dúnrún nígbà tí mo rí i tó nu ọrùn, tó rún hóró kejì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ nu ohun tó kọ sórí tábìlì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, mọ́tò kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Màdáàmù fúnra ẹ̀ ló bọ́ọ́lẹ̀, Ahun sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Màdáàmù náà tẹrí ba fún ṣẹ́ẹ̀tì kó tó lè wọlé.

"Ìyá Alágbàfọ̀," ó ní, "ọmọ mi ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Mo purọ́ fún yín. Kò sí aláàánú kankan. Ọmọ mi ló ni ẹ̀rọ yẹn. Mo ra tuntun fún un."

"Ẹ̀yin náà kì í ṣe aláàánú ni, Màdáàmù? Ẹ jókòó."

"Káàkiri ni mò ń kó oògùn fún aláìsàn. Mi ò fẹ́ káyé mọ̀ pé ọ̀kan wà nílé mi. Èmi ni mo ní kó máa sá lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì."

Màámi ká aṣọ kan sórí itan. "Èmi ò ní géètì ní tèmi. Ohun tó bá ń ṣe mí, gbogbo àdúgbò ló ń rí i, ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi mọ̀ ọ́n tó rí i lára ọmọ yín. Ẹ̀yin lẹ lágbára láti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo ibi tí ìbòmọ́lẹ̀ fẹ́ gbé e lọ."

Màdáàmù ń fọwọ́ pa etí bẹ́díṣíìtì ara ẹ̀ tó so rọ̀ níbẹ̀.

Èmi àti Ahun wà lẹ́yìn aṣọ. "Kí ló dé tó ò sọ fún sà?" ó bi mí.

"Mo ti sọ tó. Jọ̀ọ́, má bínú. Ti gúrúùpù, àti torúkọ yẹn."

"Ẹyọ súwíìtì kan ló kù lápò mi lọ́jọ́ ìbí ẹ, mo sì ti ń rí èèyàn méjìméjì. Ìwọ náà di méjì. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n wá fún?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mi ò lè rín in. Ó ní, "Mi ò tíì darí jì ẹ́ o. Ṣùgbọ́n gbé ìwé yẹn wá kí n rí i."

Ó ka ìwé jọ́gíráfì mi títí. Ìka ẹ̀ dúró lórí àwọn Ọjọ́rú. "Eré ìdárayá ni," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mo bá sáré ni. Kò sẹ́ni tó tò ó báyìí fún mi rí." Ó ya ojú ewé náà, ó ní òun máa fi han dókítà òun. Mo ní ó yẹ kó bi mí kó tó ya á. Ó ní, "Ìwọ, ṣé o bi mí?"

Ahun fúnra ẹ̀ ló lọ sọ fún tíṣà. Wọ́n fi ìbéèrè mìíràn tún ìdánwò náà ṣe fún mi, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, méjìlá nínú ogún ni mo gbà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá kọjá ogójì, Ahun gbé ẹ̀rọ tuntun ẹ̀ sórí tábìlì, ó gún ìka ẹ̀ lójú gbogbo wa. Rédíò ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. "Ṣé ó ń dunni? Bá mi wọn tèmi." Ahun ní, "Abẹ́rẹ́ ẹnì kan, tẹnì kan ni. Ẹ ti gbàgbé pé ahun ni mí?" A rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wa rín in.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ mọ nǹkan. Ìfẹ́ ìmọ̀ yẹn ló fẹ́ bà á jẹ́, òun náà ló tún un ṣe. Ohun tí mo kọ́ ni pé ohun téèyàn bá mọ̀ nípa ẹlòmíì kò tíì di tiẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín.

Ó gba Màámi tó ọdún kan láti lé gbogbo nọ́ńbà àtijọ́ jáde nínú ẹ̀rọ. Ẹẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde, títí ó fi ku nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ti Ọjọ́rú yẹn nìkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ̀n ọ́n tán, mo tẹ ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, mi ò rí i mọ́. Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Mi ò pè é láhun mọ́.

"Ó ti lọ," mo ní.

Ó ní, "Ó dáa. Ti màmá ẹ tó lé e jáde ńkọ́, mélòó ni?"

Mo fọwọ́ bo fóònù, mo yíjú sí ìdí áyọ́ọ̀nù. "Màámi, ó ń bèèrè nọ́ńbà yín. Ṣé kí n sọ fún un?"